Bí a ṣe ń wá kókó ọ̀rọ̀ inú ìwé ìtàn àròsọ àti ìtàn kékeré

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta kan lóṣooṣù, àwa mẹ́sàn-án máa ń péjọ sí yàrá ìgbàlejò mi ní Ìjàpọ̀, ní Àkúrẹ́, láti sọ̀rọ̀ lórí ìwé tí gbogbo wa ti kà. Olùkọ́ ni àwọn kan nínú wa, ọ̀kan jẹ́ alágbàtà tí ó ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ní apá Ìdànrè, ọ̀kan ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba, àwọn méjì sì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń múra ìdánwò àṣejáde iléèwé girama. Ìbéèrè kan náà ni mo máa ń fi bẹ̀rẹ̀: kí ni ìwé yìí ń sọ? Fún bí ọdún kan gbáko, irú ìdáhùn kan náà ni mo ń gbà, ọ̀rọ̀ ẹyọ kan ṣoṣo láti ẹnu ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni kìíní á ní ìfẹ́, ẹni kejì á ní ìlara, ẹni kẹta á ní owó. Kò sí ẹni tí ó purọ́ nínú wọn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó tíì dáhùn ìbéèrè náà.

Ohun tí wọ́n ń dárúkọ ni mo máa ń pè ní orí ọ̀rọ̀, ìyẹn ohun tí ìtàn dá lé. Kókó ọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí i. Kókó ọ̀rọ̀ ni ohun tí ìtàn náà ń sọ nípa ohun tí ó dá lé, èrò tí òǹkọ̀wé fi àwọn ẹ̀dá ìtàn, ìṣẹ̀lẹ̀ àti èdè gbé kalẹ̀, yálà ó la ẹnu sọ ọ́ tàbí kò sọ ọ́. Ìwé méjì lè dá lórí ilé olórogún. Èkíní lè máa fi hàn pé ọkùnrin tí ó kó ìyàwó jọ ń kó ọ̀tá jọ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Èkejì lè fi hàn pé obìnrin tí ó wọ irú ilé bẹ́ẹ̀ lè rí lára orogún rẹ̀ alábàárò tí kò rí lára ọkọ. Orí ọ̀rọ̀ wọn jẹ́ ọ̀kan, kókó wọn ń bá ara wọn jà. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ sọ kókó ọ̀rọ̀ pé kí ó sọ ọ́ ní odindi gbólóhùn, èyí tí ẹlòmíràn lè gbà tàbí kí ó kọ̀. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè bá ‘ìlara’ jiyàn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní, ‘nínú ìwé yìí, ẹni tí ó sún mọ́ni jù lọ ni ìlara rẹ̀ ń pani,’ ẹ ti fún wa ní ohun tí a lè padà sínú ìwé lọ yẹ̀ wò.

Àlọ́ kọ́ wa, ó sì dí wa lọ́wọ́

Ọ̀pọ̀ nínú wa kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn lẹ́nu àgbà tí ó ń pàlọ́ lálẹ́. Ìjàpá á ṣe tirẹ̀, ìyà á jẹ ẹ́, apàlọ́ á sì parí rẹ̀ pé ìtàn yìí kọ́ wa kí a má ṣe ojúkòkòrò. Àṣà tí ó dára ni, n kò sì ní bú u. Ṣùgbọ́n ó ti mọ́ wa lára débi pé bí a bá ka ìwé olójú ewé 300 tán, ibi tí apàlọ́ ti máa ń sọ ẹ̀kọ́ náà ni a óò máa wá, bí a kò bá sì rí i, àwa fúnra wa á ṣe ọ̀kan. Ẹ̀kọ́ máa ń pàṣẹ: ṣe èyí, má ṣe tọ̀hún. Kókó ọ̀rọ̀ kì í pàṣẹ. Bí ayé ti rí lójú ìtàn náà ni ó ń sọ, ó sì lè jẹ́ ohun tí kò dùn mọ́ni nínú, ohun tí òbí kankan kò ní fẹ́ fi kọ́ ọmọ. Ìtàn kan lè fi hàn pé olóòótọ́ a máa kú sínú òṣì nígbà mìíràn, kí ilẹ̀ sì mọ́ lọ́jọ́ kejì bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Kò sí apàlọ́ tí yóò fi ìyẹn parí àlọ́, síbẹ̀ ó lè jẹ́ kókó ọ̀rọ̀ ìwé tí ó jinlẹ̀.

D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó ní ìpínlẹ̀ Oǹdó wa níbí, ẹni tí a bí ní 1903, ni àpẹẹrẹ tí mo máa ń lò fún ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé kì í fi ẹ̀kọ́ pamọ́ rárá. Nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí ó jáde ní 1938, ìtàn a máa dúró kí a lè gba òǹkàwé níyànjú, gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ olùkọ́ tí Fágúnwà jẹ́. Òǹkàwé tí ó ń kánjú lè kó àwọn ìyànjú náà jọ, kí ó pè wọ́n ní kókó ọ̀rọ̀, kí ó sì pa ìwé dé. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ètò ìtàn náà ń ṣe lábẹ́lẹ̀. Àkàrà-ògùn, ọdẹ tí ó jẹ́ olú ẹ̀dá ìtàn náà, dá gbéra lọ sínú igbó náà, ó bọ̀, ó tún dá gbéra lọ, ohun tí ojú rẹ̀ sì rí kò kéré. Nígbà tí ọba wá rán an lọ sí Òkè Lángbòdó, kò dá lọ mọ́. Kàkó alágbára bá a lọ, Ìmọ̀dòye ọlọ́gbọ́n bá a lọ, Olóhùn-iyọ̀ olórin bá a lọ, àwọn mìíràn sì wà pẹ̀lú wọn, ẹnì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ohun tí ó mọ̀ ọ́n ṣe. Bí ìrìnàjò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn ń sọ pé ọkùnrin kan lè fi agbára tirẹ̀ wọ igbó kí ó sì bọ̀ láàyè, ṣùgbọ́n ohun tí yóò ṣe odindi ìlú láǹfààní, ọwọ́ ẹnì kan kò ká a. Ìyànjú kọ́ ni ó bí kókó yìí. Ẹ lè yọ gbogbo ìyànjú inú ìwé náà kúrò, kókó yìí yóò ṣì wà níbẹ̀.

Kíkà lẹ́ẹ̀mejì

Kíkà àkọ́kọ́ jẹ́ ti adùn. Ẹ má mú bírò lọ́wọ́, ẹ má sì máa wá ohunkóhun. Ẹ jẹ́ kí ìtàn náà gbé yín lọ. Ohun kan ṣoṣo tí mo fi ń kún un ni pé bí ẹ bá dé ibi tí ara yín bù máṣọ, tàbí tí ẹ rẹ́rìn-ín, tàbí tí inú bí yín sí òǹkọ̀wé, kí ẹ ká etí ojú ewé náà díẹ̀. (Bí ìwé náà bá jẹ́ ti ẹlòmíràn, ẹ fi bébà há a. Etí ìwé ti ba àárín èmi àti ọ̀rẹ́ kan jẹ́ rí.)

Inú kíkà kejì ni iṣẹ́ wà. Ènìyàn lè ka ìtàn kékeré lẹ́ẹ̀mẹta ní ọ̀sán kan, kò sì sí àwáwí fún ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀. Ti ìwé ìtàn àròsọ gígùn kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ kò ní láti tún gbogbo rẹ̀ kà. Ẹ padà sí orí kìíní, sí orí tí ó kẹ́yìn, sí àwọn ojú ewé tí ẹ ká létí, àti sí ibi tí olú ẹ̀dá ìtàn ti ṣe ìpinnu tí kò ṣeé yí padà mọ́. Ìwé àjákọ kan ni mo máa ń ṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ní apá òsì, mo máa ń kọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ àti nọ́ńbà ojú ewé rẹ̀; ní apá ọ̀tún, ìbéèrè ni mo ń kọ, n kì í kọ ìdáhùn. Bí mo bá ti kọ ìdáhùn sílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní, ẹ̀rí tí yóò gbè é lẹ́yìn nìkan ni n óò máa rí láti ìgbà náà lọ.

Ohun tí ó ń padà wá

‘Bí òwe bí òwe là ń lu àgídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í sì í mọ̀ ọ́n.’ Nínú ìtàn, àsọtúnsọ ni ìlù náà. Bí òǹkọ̀wé bá dárúkọ ìlẹ̀kùn kan tí kò ṣeé tì lẹ́ẹ̀kan, ó lè jẹ́ pé ó kàn ń júwe ilé ni. Bí ó bá dárúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ó bá tún dé lẹ́ẹ̀kẹta, ní alẹ́ tí ọmọ ilé ń sá lọ, ìlẹ̀kùn náà ti kọjá igi àti ìṣó. Ohun tí ó ń padà wá kì í ṣe nǹkan àfojúrí nìkan. Ó lè jẹ́ gbólóhùn kan tí ẹni méjì sọ ní ìgbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó lè jẹ́ ìṣesí, ó lè jẹ́ irú oúnjẹ kan náà tí wọ́n gbé sílẹ̀ ní ọjọ́ ayọ̀ àti ní ọjọ́ ọ̀fọ̀. Ìbéèrè tí ó yẹ kí ẹ bi ara yín ni pé, kí ni ó ti yí padà láàárín ìgbà àkọ́kọ́ àti ìgbà ìkẹyìn? Bí nǹkan náà kò bá yí padà, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ènìyàn ni ó yí padà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, iye owó ni mo tún máa ń béèrè. Kí ni olú ẹ̀dá ìtàn ń fẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ni ó san kí ó tó rí i, kí sì ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ìtàn parí? Ẹ jẹ́ kí a ní ọkùnrin kan ń fẹ́ kọ́ ilé sí Alágbàká kí àwọn ẹbí tí wọ́n fojú tín-ín-rín rẹ̀ lè wá wò ó. Ó yá owó, ó bá ìyàwó jà, ó kọ́ ilé náà tán, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ ìṣílé, àwọn tí ó kọ́ ọ fún ti kú tàbí wọn kò wá. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kò sọ pé ilé kíkọ́ kò dára. Àlàfo tí ó wà láàárín ohun tí ó fẹ́ àti ohun tí ó rí gbà ni kókó ọ̀rọ̀ máa ń jókòó sí, ibẹ̀ sì ni ó yẹ kí òǹkàwé dúró pẹ́ sí.

Àwọn nǹkan yòókù kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ wo asọ̀tàn: bí ọmọdé ni ó ń sọ ìtàn, kí ni ọmọ náà rí tí kò yé e? Ẹ wo orúkọ àwọn ẹ̀dá ìtàn, pàápàá nínú ìwé Yorùbá, nítorí pé òǹkọ̀wé wa kì í sọ ẹ̀dá ìtàn lórúkọ lásán. Ẹ wo gbólóhùn àkọ́kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbólóhùn ìkẹyìn. Ẹ sì ṣọ́ ẹni tí ó wà níbẹ̀ tí kò sọ̀rọ̀.

A tú ìtàn kan palẹ̀

Mo kọ ìtàn kúkúrú kan fún ẹgbẹ́ wa kí a lè rí nǹkan tú palẹ̀ láìbẹ̀rù òǹkọ̀wé. ‘Òṣùwọ̀n’ ni mo pè é. Bàbá kan ń gbin kòkó lẹ́yìn Ìdànrè, ó sì ní ọmọ méjì, Táyọ̀ ọkùnrin àti Adéọlá obìnrin. Adéọlá ni ó ń bá a já kòkó, tí ó ń bá a fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó, tí ó sì ń bá a sá a. Táyọ̀ ń lọ sí iléèwé. Ibi tí mo fẹ́ kí a wò nìyí:

‘Adéọlá gbé àpò kẹta lé òṣùwọ̀n. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ mì síhìn-ín, ó mì sọ́hùn-ún, ó sì dúró sí kílò 58. Bàbá mọ̀ pé kò dín ní 64, nítorí pé èjìká rẹ̀ ni ó fi gbé e dé etí títì. Ó wo abẹ́rẹ́, ó wo ojú alágbàtà, ó ní, “Ó dáa náà.” Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, òun ni ó pín iṣu. Ó fi ọwọ́ wọn ti Táyọ̀, ó gbé e sókè sódò kí ó tó fi í sínú àwo. Ti Adéọlá, ojú ni ó fi wọ̀n ọ́n. Adéọlá wo àwo, ó wo ojú bàbá rẹ̀, ó ní, “Ó dáa náà.”’

Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá. Bàbá kú. Adéọlá, tí òun náà ti di alágbàtà kòkó, ra òṣùwọ̀n tuntun, ìtàn sì parí báyìí: ‘Ohun àkọ́kọ́ tí ó gbé lé e ni fìlà bàbá rẹ̀. Abẹ́rẹ́ kò mì.’

Nígbà tí a kọ́kọ́ kà á, ọ̀rọ̀ tí ó jáde ni ‘ìrẹ́jẹ’, lẹ́yìn náà ‘ojúsàájú’. Orí ọ̀rọ̀ ni méjèèjì. Mo wá ní kí wọ́n fi ìka tọ́ka sí ohun tí ó ń padà wá. Gbogbo wọn ló rí òṣùwọ̀n, kò sì yà mí lẹ́nu, nítorí pé òun ni àkọlé. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ni ó rí èyí tí ó ṣe pàtàkì jù: bàbá ‘wo abẹ́rẹ́, ó wo ojú alágbàtà’, ọmọ sì ‘wo àwo, ó wo ojú bàbá rẹ̀’; gbólóhùn kan náà ni ó ti ẹnu àwọn méjèèjì jáde. Ìṣesí kan náà ni wọ́n hù, ṣùgbọ́n àga ti yí padà. Níwájú alágbàtà, bàbá ni ẹni tí a rẹ́ jẹ tí kò lè sọ̀rọ̀. Lẹ́bàá ààrò, Adéọlá ni ó bọ́ sí ipò yẹn, bàbá sì wá jókòó sí ibi tí alágbàtà jókòó sí lọ́sàn-án. Òǹkọ̀wé kò pe bàbá ní aláìdára. Bí gbólóhùn méjì ṣe jọra ni ó sọ ọ́.

Ẹ tún wo ọwọ́ àti ojú. Ọwọ́ a máa mọ ìwúwo, ojú a máa fojú dá a ni. Bàbá tí èjìká rẹ̀ mọ ìyàtọ̀ láàárín 58 àti 64 kò lè sọ pé òun kò mọ bí a ṣe ń wọn nǹkan. Bí ó bá wá jẹ́ pé ojú ni ó fi wọn ti ọmọ tí ó bá a gbé àpò, a ti rí ohun tí a lè fi ṣe gbólóhùn: ‘Ẹni tí a ń rẹ́ jẹ lọ́jà lè gbé òṣùwọ̀n kan náà wọlé, kí ó fi wọn ọmọ tirẹ̀ láìmọ̀.’ Gbogbo wa gbà á, títí tí obìnrin tí ń ta aṣọ fi béèrè pé, ‘Láìmọ̀ kẹ̀? Níbo ni wọ́n ti sọ pé kò mọ̀?’ A wá a, a kò rí i. A yọ ‘láìmọ̀’ kúrò. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n àánú tí àwa ní fún bàbá náà ni ó kó o wọlé, kì í ṣe ìtàn.

Ẹ fi gbólóhùn yẹn wé ẹ̀kọ́ tí à bá fi parí rẹ̀ bí ó bá jẹ́ àlọ́: kí òbí má ṣe ojúsàájú láàárín ọmọ. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ náà kò mọ̀ pé alágbàtà wà nínú ìtàn, kò mọ kòkó, kò mọ fìlà. Bí gbólóhùn yín bá lè dúró láìfi ìdajì ìtàn ṣe nǹkan kan, ìwàásù ni ẹ ń ṣe.

Odò Àlà

Ìwé kan wà tí àwa ará Àkúrẹ́ ní ìdí pàtàkì láti kà. Chigozie Obioma, tí wọ́n bí ní ìlú yìí ní 1986, kọ The Fishermen jáde ní 2015, ó sì wà lára àwọn ìwé tí wọ́n yàn sípele ìkẹyìn fún ẹ̀bùn ìwé ìtàn àròsọ tí wọ́n ń pè ní Man Booker ní ọdún yẹn. Àkúrẹ́ àwọn ọdún 1990 ni ibùdó ìtàn rẹ̀. Ilé ìfowópamọ́ àgbà ti ìjọba gbé bàbá kan tí ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lọ sí Yola, mẹ́rin nínú àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ pẹja nínú odò Àlà, odò tí àwọn òbí kò fẹ́ kí wọ́n sún mọ́. Wèrè kan tí ń jẹ́ Abulu pàdé wọn, ó sì sọ fún Ikenna, àkọ́bí, pé apẹja ni yóò pa á. Ikenna gbà pé ọ̀kan nínú àwọn àbúrò òun ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí. Láti ọjọ́ náà ni ó ti yí padà sí wọn, ọ̀rọ̀ náà sì burú títí tí Boja, ẹni tí ó tẹ̀ lé e, fi pa á.

Ẹgbẹ́ wa pín sí méjì lórí ìwé yìí. Àwọn kan ní kókó rẹ̀ ni pé àyànmọ́ kò gbóògùn: ohun tí a ti kọ mọ́ ẹ̀dá yóò ṣẹ dandan. Àwọn yòókù ní ẹ̀rù ni ó pa Ikenna, àsọtẹ́lẹ̀ kàn jẹ́ oúnjẹ tí ẹ̀rù rí jẹ ni. Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, ẹ má dìbò. Ẹ yọ nǹkan kan kúrò nínú ìtàn kí ẹ wo ohun tí yóò wó. Bí a bá yọ ọ̀rọ̀ Abulu kúrò, ṣé àwọn ọmọ náà yóò ṣì di ọ̀tá ara wọn? Bí a bá fi ọ̀rọ̀ Abulu sílẹ̀ ṣùgbọ́n tí Ikenna fi í rẹ́rìn-ín, ṣé Boja yóò ṣì pa á? Bí a bá dá bàbá padà sílé láti Yola ńkọ́? Ní tèmi, ẹ̀yìn àwọn tí ó dárúkọ ẹ̀rù ni mo wà, nítorí pé ìwé náà fi hàn wá ní ẹsẹẹsẹ bí ẹ̀rù ṣe ń jẹ ọmọ náà, ìfẹ́ ni ó kọ́kọ́ jẹ, ó jẹ ìgbọràn, ó wá kan ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó dárúkọ àyànmọ́ ní ẹ̀rí tí n kò lè gbá dànù: ìwé kan náà sọ fún wa pé àwọn ohun tí Abulu ti sọ tẹ́lẹ̀ rí ti ṣẹ. Gbólóhùn tí ó bá fojú fo ìyẹn kò tíì pé. Èyí tí a fi ẹnu kò lé lórí, lẹ́yìn wákàtí méjì àti ìgò ohun mímu mélòó kan, ni pé nínú ìwé náà, àsọtẹ́lẹ̀ kò lè ṣiṣẹ́ láìjẹ́ pé ẹni tí a sọ ọ́ fún yá a lọ́wọ́.

Ìkìlọ̀ kan wà níbẹ̀ fún àwa Yorùbá. A ti bá ọ̀rọ̀ orí àti àyànmọ́ dàgbà, nítorí náà a máa ń rí wọn níbi tí òǹkọ̀wé kò gbé wọn sí. Ẹrù rere ni ìmọ̀ yẹn, kò sí ìdí láti sọ ọ́ nù lẹ́nu ọ̀nà. Kí ẹ ṣáà máa bi ara yín pé, ṣé inú ìwé ni mo ti rí èyí, àbí èmi ni mo gbé e wá?

Ibùdó ìtàn náà ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Nínú ìwé náà, odò tí àwọn ará àtijọ́ ń bọ, tí wọ́n ń mu, ni ó wá di ohun tí àwọn ọmọ wọn ń sá fún lẹ́yìn tí ẹ̀sìn mìíràn dé. Ènìyàn lè gba orí afárá Àlà kọjá lójoojúmọ́, bí èmi náà ti ń ṣe, láìwo ìsàlẹ̀. Ẹni tí ó bá ti ka ìwé náà yóò wò ó, yóò sì rí i pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí odò ni ó ṣẹlẹ̀ sí ilé àwọn ọmọ náà: ohun tí ó ń fúnni ní ìyè di ohun ẹ̀rù. Nígbà tí ibùdó àti ẹ̀dá ìtàn bá ń rin ọ̀nà kan náà báyìí, ẹ ti wà lórí kókó ọ̀rọ̀.

Nígbà tí kókó bá ju ọ̀kan lọ, àti bí a ṣe ń kọ ọ́

Ìtàn kékeré kì í sábà gbé ju kókó kan lọ, nítorí pé kò ní àyè. Ìwé gígùn lè gbé mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ṣùgbọ́n wọn kì í dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí ẹrù inú ọkọ̀. Bí òwú inú aṣọ òkè ni wọ́n ṣe máa ń gba inú ara wọn kọjá, ibi kan sì sábà máa ń wà tí méjì tàbí mẹ́ta ti pàdé nínú ìṣẹ̀lẹ̀ kan ṣoṣo. Ẹ wá ibẹ̀. Ẹni tí ó bá lè ṣàlàyé ibẹ̀ dáadáa ti ṣàlàyé ìwé náà ju ẹni tí ó to kókó mẹ́jọ sílẹ̀ lọ. Mo ń sọ èyí nítorí páńfúlẹ́ẹ̀tì tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń rà lẹ́bàá ọ̀nà, èyí tí ó máa ń to ‘ìfẹ́, ikú, ìlara, ìwà ìbàjẹ́’ sísàlẹ̀ ara wọn bí àkọsílẹ̀ ọjà. Mo ti máàkì ìwé ìdánwò fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo sì lè mọ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ka páńfúlẹ́ẹ̀tì láìka ìwé: ó mọ orúkọ gbogbo kókó, kò sì rántí ohun tí ẹnikẹ́ni jẹ, tí ó wọ̀, tàbí tí ó sọ.

Bí ẹ bá fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ fún olùkọ́ tàbí fún ẹgbẹ́, ẹ fi gbólóhùn yín ṣáájú. Ẹ má tún ìtàn náà sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó ń ka tiyín ti kà á. Ẹ mú ibi méjì tàbí mẹ́ta nínú ìwé, ẹ fa ọ̀rọ̀ díẹ̀ yọ láti ibẹ̀, kí ẹ sì lo àyè tí ó ju ti àyọlò náà lọ láti sọ ohun tí àwọn ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ń ṣe, gẹ́gẹ́ bí a ti ṣe fún ‘ọwọ́’ àti ‘ojú’. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ibi kan tí ó ta ko gbólóhùn yín wá síwájú, kí ẹ sì dá a lóhùn. Apá yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò, nítorí pé wọ́n rò pé ó ń dín agbára ọ̀rọ̀ àwọn kù.

Nínú ‘Òṣùwọ̀n’, fìlà ni ó ta ko tiwa. Bí kókó ìtàn náà bá parí sí pé bàbá gbé òṣùwọ̀n ọjà wọlé, kí ni fìlà ń wá nígbà tí ó ti kú? Akẹ́kọ̀ọ́ kejì ní ó fi hàn pé bàbá kò já mọ́ nǹkan kan mọ́ lójú ọmọ rẹ̀. Obìnrin aláṣọ ní rárá, ó fi hàn pé ohun tí ó wà láàárín òbí àti ọmọ kò ṣeé wọ̀n ni. Mo ti ń kọ ti aláṣọ sílẹ̀, nítorí pé ó bá ohun tí mo ní lọ́kàn mu nígbà tí mò ń kọ ìtàn náà, kí alágbàtà kòkó tó rẹ́rìn-ín.

‘Tíṣà, ẹ má bínú,’ ó ní. ‘Òṣùwọ̀n àpò kì í mọ fìlà. Ẹ gbé ogún fìlà lé e, kò ní gbọ́. Kò sì sí alágbàtà tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀.’

Adéọlá náà jẹ́ alágbàtà. Ó mọ̀ kí ó tó gbé e lé e pé abẹ́rẹ́ kò ní mì. N kò ronú kan èyí nígbà tí mò ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n ó ti wà nínú ìtàn, kò sì sí bí mo ṣe lè lé e jáde. Mo fa ìlà sórí ohun tí mo kọ, mo sì kọ òmíràn sí abẹ́ rẹ̀: ‘Ẹni tí a fi ojú wọ̀n ní kékeré lè mọ̀ọ́mọ̀ yan òṣùwọ̀n tí kò ní dáhùn, kí ó má baà gbọ́ iye tí wọ́n jẹ ẹ́.’ Akẹ́kọ̀ọ́ náà ní òun kò gbà. A tún ṣí ìwé, a sì bẹ̀rẹ̀ láti orí àpò kẹta.